Páìpù Tí A Tẹ́ Yanrìn Fún

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kabusa, àwọn ọ̀dọ́ ní kí àwa àgbà tí a ti fẹ̀yìntì wá sọ iṣẹ́ tí a ṣe láyé, kí àwọn lè mọ èyí tí àwọn yóò yàn. Nọ́ọ̀sì sọ tirẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá báńkì sọ tirẹ̀, wọ́n tilẹ̀ dìde dúró. Nígbà tó kàn mí, mo ní iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń ya àwòrán páìpù omi ńlá, kí ó má baà bẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mì. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí mo mọ ìyá rẹ̀ dáadáa, nawọ́ sókè.

"Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ṣé earthquake wà ní Nàìjíríà ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè tí èmi náà bi ọ̀gá mi ní ọjọ́ kìíní nìyẹn. Kí n tó dáhùn, pásítọ̀ ní àkókò ti lọ, mo sì jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kò bá sọ tán kì í jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu àgbà. Mo ti wá kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá wù kó kà á, ẹni tí kò bá wù kó lọ ṣe báńkì.

Ọmọ Okun ni mí, láti ìhà Kàbà. Bí mo ṣe kàwé àti bí mo ṣe ríṣẹ́ kò ní ìtàn gígùn nínú. Abújá ń dìde nígbà náà, ilẹ̀ pupa ni gbogbo ibi, wọ́n sì ń wá ẹnjiníà lójú méjèèjì débi pé wọ́n gba obìnrin. Owó oṣù ńkọ́? Ó tó jẹ, kò tó fi ṣe fọ́ńté. Ẹ jẹ́ ká kọjá ibẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Adékànńbí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í gbóhùn sókè, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba gbogbo wa. Ó ti ṣiṣẹ́ rí lókè òkun, ní ìlú tí ilẹ̀ ti ń mì lemọ́lemọ́. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mì tí gbogbo páìpù abẹ́ ìlú bẹ́. Iná sọ níbi mélòó kan, àwọn panápaná sì dé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí omi, ẹ̀kán kan kò jáde. "Ilẹ̀ tó mì kò pa wọ́n tó àìsí omi," ló sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ní ti Nàìjíríà tiwa, òótọ́ ni pé ilẹ̀ wa kì í ṣe oníwàhálà. Ṣùgbọ́n àpáta abẹ́ rẹ̀ ti là níbi púpọ̀ kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Ibi tó là yẹn ni àwa tí a jọ ṣiṣẹ́ ń pè ní àpá ilẹ̀. Ó lè sùn títí ọmọ yóò fi bí ọmọ, kí ó sì ṣàdéédéé yí ara padà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà l'Ábújá, ẹ mọ̀ pé abọ́ ti ń mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín rí tí ẹ rò pé ọkọ̀ ńlá ló kọjá. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí páìpù tó ń gbé omi gbogbo ìlú bá sì gba orí àpá náà kọjá, ọjọ́ tí ilẹ̀ bá yíra kọ́ ló yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kálámù. Rírìn ni a ń rìn. Ó ní ẹsẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi ń ya àwòrán. Láti inú àwọn òkè Bwari, a ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí omi ti ń ṣàn wá, a ó máa bá ọ̀nà tí páìpù yóò gbà bọ̀ nínú koríko àti nínú oko iṣu. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, yóò kí àwọn obìnrin Gbàgyí tí wọ́n ń fi èjìká ru omi, "Sànnu, sànnu," lẹ́yìn náà yóò béèrè bí kànga wọn ṣe jìn tó. Èmi rò pé ọ̀yàyà ló ń ṣe. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé bí kànga ìhín bá jìn, tí ti ọ̀hún kò jìn, tí wọn kò sì jìnnà síra, ó ṣeé ṣe kí àpáta tó wà láàárín wọn ti là. Àpá ilẹ̀ ló ń wá kiri pẹ̀lú ìkíni.

Mo sọ pé ó pẹ́ kí n tó mọ̀, nítorí pé ọ̀gá mi kì í sọ ìdí ohunkóhun. Bí a bá dé orí àpá, yóò jókòó sórí òkúta, yóò mú gúgúrú àti ẹ̀pà jáde, yóò sì kọjú sí òkè bí ẹni ń retí àlejò. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò ní, "Wò ó ná." Bí mo bá bi í pé kí ni kí n wò, yóò fún mi lẹ́pà.

Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán, ojú mi rí màbo. Orí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ń fi tàdáwà yà á nígbà náà. Bí ọwọ́ bá ṣì, abẹ ìfárí ni a fi ń ha á kúrò díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí bébà lu. Ẹ̀ẹ̀rùn Abújá sì nìyẹn, òógùn ń kán láti iwájú orí mi sórí iṣẹ́ tí mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣe. Ọ̀gá yóò wá, yóò wò ó, yóò fa ìlà kan sí i láti igun dé igun.

"Ya òmíràn."

"Kí ló ṣe é, sà?"

"Ya òmíràn, wàá rí i."

Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀ débi tí obìnrin tó ń gbá ọ́fíìsì fi ń bá mi tọ́jú tówẹ́ẹ̀lì pamọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i lóòótọ́. Mo rí i pé kò yẹ kí páìpù gba orí àpá kọjá tààrà. Ó yẹ kó dagun lọ́nà tó jẹ́ pé, bí ilẹ̀ bá sún, ńṣe ni yóò fa páìpù náà gùn díẹ̀, kì í ṣe pé yóò tì í pọ̀ kó ká. Irin ibẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, ojú tí wẹ́dà fi jó o pọ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí páìpù yà kọ̀rọ̀ kankan nítòsí ibẹ̀. Yàrà tí a óò tẹ́ ẹ sí gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí etí rẹ̀ rọra dagun, kí a má sì fi nǹkan mìíràn dí i bí kò ṣe yanrìn tó tú dáadáa. Ẹni tó bá ń yíra lójú oorun, aṣọ tó fún mọ́ ọn ni yóò ya. Yanrìn yẹn ni aṣọ fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí a wọ̀ fún páìpù, kí ó lè bá ilẹ̀ yíra kó má ṣẹ́.

Ẹ ó rí i pé ọgbọ́n náà lòdì sí ohun tí ojú ń rò. Ibẹ̀ ni jàǹbá wa ti wá.

Páìpù kan wà tí a kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe èyí tó tóbi jù. Àwọn abúlé àti ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà lọ́nà ibẹ̀ ló ń fún lómi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gba orí àpá ilẹ̀ kọjá, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Ìdánwò ni fún ọ̀gá mi. Bí ó bá yọrí sí rere, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe páìpù ńlá tí yóò gbé omi lọ sí ìhà gúúsù ìlú títí dé Kabusa.

Fọ́mánù wa níbẹ̀ ni Bàbá Ràṣídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò rí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ tó o. Bó bá ti kí Sùbúù tán, ó ti wà nídìí yàrà. Ó máa ń fọwọ́ lu páìpù bí ẹni lu ẹ̀yìn ọmọ, á ní, "Ìwọ yìí, o ò ní dójú tì wá." Èmi ló ń pè ní Sístà Ẹnjiníà. Nígbà tí a fẹ́ bo páìpù náà, mo wà nílé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Tóbi àkọ́bí mi. Ọ̀gá sì wà ní ìlú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sin ìyá rẹ̀. Àwòrán wà lọ́wọ́ Bàbá Ràṣídì, a sì fọkàn tán an pátápátá.

Ọdún díẹ̀ kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ilẹ̀ mì. Kò pẹ́, kò sì le, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti wá kàn sílẹ̀kùn mi pé páìpù náà ti bẹ́ ní ìsàlẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, omi ń tú sókè ju igi máńgòrò lọ. Ó ti wọ́ oko iṣu lọ, ó ti wó ògiri ilé méjì. A dúpẹ́ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti omi náà tán ni ìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀rùn ni, kànga sì ti gbẹ. Àwọn màì rúwá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri tà sọ omi di wúrà. Mo rí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ilé ìwòsàn yẹn, tí ọkọ rẹ̀ ń bẹ màì rúwá pé kó jẹ́ kí òun gba omi àwìn, kí wọ́n lè wẹ ọmọ. Èmi náà ní ọmọ kékeré nílé. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ fún un pé àwa la ṣe páìpù náà.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Alága wọn, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, kò tilẹ̀ jókòó kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹnjiníà Adékànńbí, yanrìn lẹ fi bo páìpù irú èyí? Ṣé eré ọmọdé ni? Kọnkéré la máa dà sí ti páìpù ńlá, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ sinmi."

Ọ̀gá mi rọra ká àwòrán rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni, ojú kì í tì í níta. Èmi ni mo dìde, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n jẹ́ ká gbẹ́ ojú ibi méjèèjì kí wọ́n tó pinnu. Alága wò mí bí ẹni wo ewúrẹ́ tó wọ ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ìsàlẹ̀ tó bẹ́ ni a kọ́kọ́ gbẹ́. Ṣọ́bìrì kan ilẹ̀, ó dún gbọ̀n-ìn. Kì í ṣe òkúta o. Kọnkéré ni, ó yí páìpù ká, ó nípọn, wọ́n sì fi ọwọ́ ìfẹ́ dán an. Páìpù náà ṣẹ́ láàárín rẹ̀ bí ìrèké. Gbogbo ojú yí sí ọ̀gá mi.

"Yanrìn ló wà nínú àwòrán yín," ni alága wí. "Ta ló wá da èyí?"

Kò sí ẹni tó mọ̀. Bí ẹni tó dà á bá dákẹ́, yóò bọ́, ọ̀gá mi yóò sì gba ìdálẹ́bi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Ràṣídì bọ́ fìlà rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń rán wọn nílé ìwé.

"Èmi ni, sà."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Kọnkéré ló ṣẹ́ kù níbi tí a ti ń ṣe ìpìlẹ̀ táńkì. Mo wo páìpù yìí, mo wo yanrìn, mo ní ah, páìpù tó máa fún gbogbo ènìyàn lómi, a wá sin ín bí òkú adìyẹ? Mo ní kí n ṣe é lóore. Èyí tó ṣẹ́ kù kò tó ti òkè, ni mo bá fi yanrìn sí tòkè." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé Ọ̀gá. Èmi ni mo pa páìpù náà."

Mo sunkún níbẹ̀, kò sì tì mí lójú. Nígbà tí a lọ gbẹ́ tòkè, ilẹ̀ ti sún páìpù náà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó tẹ̀ díẹ̀ nínú yanrìn rẹ̀, ó sì dá ṣáká. Ilẹ̀ náà ti ń fà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá, mímì tó mì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kàn parí rẹ̀ ni. Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan páìpù, ó sì pẹ́ kó tó dìde.

Ó ní ọ̀rọ̀ yanrìn ti yé òun, a lè fi ṣe páìpù ńlá, ṣùgbọ́n fọ́mánù gbọ́dọ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá mi tó lanu.

"Bí ẹ bá fẹ́ lé e, ẹ kọ́kọ́ lé mi. Mo sọ ohun tó máa ṣe fún un. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un rí. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan tí kò mọ ìdí rẹ̀, ohun tó mọ̀ ló máa fi kẹ́ ẹ."

Wọ́n fà á títí. Níkẹyìn, wọ́n gba ipò fọ́mánù lọ́wọ́ Bàbá Ràṣídì, ṣùgbọ́n wọn kò lé e. Ọ̀gá mi wá fún un níṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan: ní gbogbo ibi tí páìpù ńlá bá ti máa gba orí àpá ilẹ̀, Bàbá Ràṣídì ni yóò dúró ti yanrìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá Yanrìn, wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ń jẹ́ ẹ. Èmi kan àpótí pákó kan fún un, mo gé e sí méjì. Yóò ki páìpù oníke tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, yóò da yanrìn sí i, yóò ní kí òṣìṣẹ́ méjì ti àpótí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Páìpù á tẹ̀. Yóò mú èyí tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dì wá, wọn á tì í, á sì ṣẹ́. Yóò wá bọ́ fìlà, yóò ní, "Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti ṣẹ́ ọ̀kan rí." Kò fi ọ̀rọ̀ náà bò fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá mi náà yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá fà sórí bébà. Bí mo bá bi í ní nǹkan, yóò dáhùn, yóò tún dáhùn èyí tí mi ò bi. Kò wà láyé mọ́ nígbà tí omi gba inú páìpù ńlá kọjá. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Abẹ ìfárí lọ, kọ̀ǹpútà dé. Ohun tí mo fi oṣù kan ṣírò tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ tó wá lẹ́yìn mi ń ṣe é kí tíì wọn tó tutù. Mi ò bá kọ̀ǹpútà jà o, òun ló gbà mí lọ́wọ́ òógùn. Ohun tí mo bá wọn jà lé lórí ni pé wọn kò fẹ́ rìn. Ọ̀kan sọ fún mi pé, "Ma, satẹ́láìtì ti rí gbogbo ẹ̀." Mo ní ó dáa, kí satẹ́láìtì lọ bá mi béèrè bí kànga ṣe jìn. Ó bá mi lọ. Ó ráhùn nípa bàtà rẹ̀ títí a fi dé, ṣùgbọ́n òun ló wà ní ipò mi lónìí.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ràṣídì fẹ̀yìntì, tó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá kí mi. Ó ní, "Sístà Ẹnjiníà, ẹ má bínú sí àdúrà mi o. Ọkàn mi ò ní balẹ̀ àfi tí ilẹ̀ bá tún mì, tí mo bá sì gbọ́ pé páìpù kò ṣẹ́. Mo mọ̀ pé àdúrà burúkú ni." Ọdún púpọ̀ kọjá, èmi náà fẹ̀yìntì, ilẹ̀ sì dákẹ́.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo ń din dòdò nínú ilé ìdáná mi ní ọ̀sán. Abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Fèrèsé dún. Àwọn aládùúgbò sá jáde, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń ké Jésù, tí ẹnìkan ń ké "Kai! Kai!" Mi ò sá. Mo pa iná, mo dúró níwájú ẹnu ẹ̀rọ omi, tí páìpù ńlá wa ń gbé omi wá sí. Gbogbo ohun tí mo ṣe láyé wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí mi ò lè rí i, mi ò sì ní ọ́fíìsì tí mo lè sáré lọ mọ́. Mo dúró títí mo rò pé ó tó, mo bá ṣí i.

Ó wúkọ́. Ó tu omi pupa díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń ṣàn.

Ìyá Dámi, aládùúgbò mi, yọrí wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. "Mummy, ẹ ò sá jáde? Jésù ló yọ wá o! Ẹ tún wo omi tó dọ̀tí yìí, àwọn wọ́tà bọ́ọ̀dù yìí ò síríọ̀sì rárá."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wá ìjókòó. Mo ní, "Ẹ má bínú sí wọn. Yóò mọ́."

Nígbà tó lọ, mo pe Ògbómọ̀ṣọ́. Etí Bàbá Ràṣídì ti wúwo, ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù sí i létí. Mo pariwo pé ilẹ̀ ti mì l'Ábújá.

"Páìpù ńkọ́?"

"Ó ń ṣàn, Bàbá."

"Ẹ gbé fóònù yẹn sún mọ́ ọn."

Mo gbé e sún mọ́ omi náà. Ó pẹ́. Ọwọ́ ń ro mí, omi sì ti mọ́ gaara nínú abọ́, mo bá mú fóònù padà sétí láti sọ fún un pé mo fẹ́ tì í. Ẹkún ló ń sun.

"Ẹ má tíì tì í," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tì í."